Kí Nọ́ọ̀sì Tó Fún Wa Lóògùn: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nínú Ìtọ́jú, Láti Aró Dé Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ọba àti ogun kọ́ la gbé wá. Ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ẹni tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ìjọba rí ni: ọ̀rọ̀ tó ń wáyé láàárín nọ́ọ̀sì àti aláìsàn, àti láàárín nọ́ọ̀sì àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, bí i ti ibi púpọ̀ ní Èkó, ẹ̀sùn méjì ló máa ń pàdé ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Aláìsàn á ní, "Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn máa ń jágbe mọ́ èèyàn jù." Nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àwa mélòó la wà níbí? Aláìsàn mélòó ló wà nílẹ̀?" Àwọn méjèèjì kò parọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń parí sí ni pé kí á bú nọ́ọ̀sì pé kò níwà, tàbí kí á bú aláìsàn pé kò gbọ́ràn, kí kálukú sì máa lọ sílé rẹ̀.

Ohun tí àwa fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Bí a bá wo ìtàn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Yorùbá dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu nọ́ọ̀sì kì í kàn ṣe ẹ̀bùn ìwà. Ètò ló ń bí i. Níbi tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀, aláìsàn sọ tinú rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì gbọ́. Níbi tí wọn kò ti ṣètò rẹ̀, ẹni tó níwà jù lọ pàápàá lè di ajágbe kí ọdún tó yí po.

"O" àti "Ẹ" ní wọ́ọ̀dù

Ilé ìwòsàn irú èyí tí a mọ̀ lónìí bá àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba amúnisìn wọlé ni. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895. Ní 1907, ìjọba ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ sí Yábàá, tí ó jẹ́ ibi ìtìmọ́lé ju ibi ìwòsàn lọ nígbà náà. Nígbà tí ó di 1947, òfin dá ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìdánwò àti ìforúkọsílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí bákan náà káàkiri. Èyí dára. Ó sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ tó lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan bá a rìn tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ṣèdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ̀wé sínú fáìlì. Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ó wà níwájú rẹ̀ ń sọ. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ kìíní ni nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ògbufọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré kan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "you" ni wọ́n fi ń pe ọmọ ọdún mẹ́ta, òun náà ni wọ́n fi ń pe bàbá àádọ́rin ọdún. Nínú Yorùbá, "o" wà, "ẹ" wà, ibi tí ènìyàn bá sì ti ṣì í lò, ìjà dé nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó ń tú u sí Yorùbá pẹ̀lú ìkánjú, lè sọ fún ìyá àgbà pé, "Dùbúlẹ̀. Yanu. Má mira." Lójú tirẹ̀, àṣẹ iṣẹ́ lásán ni. Létí ìyá àgbà, ọmọ àná ti sọ òun di ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ìyá kò ní sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ mọ́. Kò ní sọ pé òun ti mu àgbo kí òun tó wá. Kò ní sọ pé oògùn tí wọ́n kọ fún òun lóṣù tó kọjá, ìdajì rẹ̀ ni owó òun ká. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni dókítà sì nílò láti mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀nà kejì: "Ẹ kú ìrora, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí n lè yẹ ikùn yín wò." Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "ẹ bá mi". Kì í ṣe àṣẹ mọ́. Aláìsàn ti di ẹni tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti tọ́jú ara òun fúnra rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré lọ láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ní wọ́ọ̀dù, obì náà ni òótọ́ tí aláìsàn fi pamọ́ sínú.

Ọ̀wọ̀ nìkan kò tó, ó tún ku ìtumọ̀. Tí obìnrin kan bá ní "inú ń run mí," ó lè jẹ́ ikùn, ó lè jẹ́ ilé ọmọ, ó lè jẹ́ abẹ́ ìdodo tó ń ta á nígbà tó bá ń tọ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ní, "Ẹ fi ọwọ́ hàn mí níbi tó ti ń run yín." Bẹ́ẹ̀ náà ni "ẹ̀jẹ̀ ríru". Àwọn kan gbà pé ìgbà tí inú bá bí ènìyàn nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń ru, nítorí náà wọ́n á lo oògùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá bínú, wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ara bá tutù. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi agídí bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí kó yé e. Ìbéèrè kan ló máa tú u síta: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá délé, báwo lẹ ṣe máa lo oògùn yìí? Ẹ sọ fún mi kí n gbọ́." Bí bàbá bá ṣe sọ ọ́ ni nọ́ọ̀sì máa mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun wọlé tàbí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

Ọmọ Èkó tó mọ bí ó ti ń rí níhà méjèèjì

A kò lè sọ ìtàn yìí kí á má dárúkọ Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Ọmọ Èkó ni, iṣẹ́ tíṣà ló sì kọ́kọ́ ṣe. Ní 1946, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gboyè ní 1950. Wọ́n kà á mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Níbẹ̀, aláìsàn kan kọ̀ jálẹ̀ pé nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun. Ẹ fi ojú inú wo èyí: ẹni tó wá láti tọ́jú ènìyàn, tí ẹni náà kò sì fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni nọ́ọ̀sì ni ó ń dá ọ̀rọ̀ rú.

Ó padà sí Nàìjíríà ní 1954, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló sì ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní àárín ẹ̀wádún 1960. Kí ó tó dé orí àga yẹn, òyìnbó ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀, ó gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973, ó sì ṣe kọmíṣánnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Kí ni èyí fi kan ọ̀rọ̀ ẹnu? Ó kàn án gan-an ni. Ní àsìkò rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn, ní 1965. Títí di ìgbà yẹn, ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo nọ́ọ̀sì ni pé ìránṣẹ́ dókítà ni: dókítà wí, nọ́ọ̀sì ṣe. Ìránṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kàwé dé yunifásítì lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹnu láti sọ pé, "Dókítà, ohun tí mo rí lára aláìsàn yìí láti òru àná nìyí." Ìyí nípò náà ló fún un ní ohùn. Ètò àkọ́kọ́ nìyẹn: kí nọ́ọ̀sì tó lè gbọ́ aláìsàn dáadáa, ó yẹ kí ẹnì kan wà tí yóò gbọ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

Aró: nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ẹbí wọlé

Ètò kejì wá láti Abẹ́òkúta. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Aró láti ṣàkóso ilé ìwòsàn tí wọn kò tíì kọ́ tán. Dípò kí ó jókòó máa dúró de bíríkìlà, ó lọ bá àwọn olórí abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Wọ́n jọ fẹnu kò pé kí aláìsàn máa gbé nínú abúlé, kí ó sì máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní ojúmọmọ. Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa mú un wá láàárọ̀, kí ó sì máa mú un padà. Lámbò tún ní kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ máa bá òun ṣiṣẹ́.

Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Yábàá ti 1907, níbi tí wọ́n ti ń ti ènìyàn mọ́lé kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní Aró, ẹni tó mọ aláìsàn láti kékeré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò ní láti máa fi túláàsì wá ìtàn lẹ́nu ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò pa pọ̀. Ìyá wà níbẹ̀ tí yóò sọ pé, "Ọjọ́ tí wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀." Nígbà tí wọ́n bá sì ń padà lọ sílé, ẹbí náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, ó mọ àmì tó yẹ kí òun fi ara balẹ̀ ṣọ́, ó sì ti rí i pé àìsàn ni, kì í ṣe ìtìjú.

Aró tún kọ́ àwọn onímọ̀ pé èdè aláìsàn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀. Lámbò àti Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà jọ ṣe ìwádìí nípa àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè bí Yorùbá ṣe ń sọ ìbànújẹ́ àti ìpayà. Raymond Prince, dókítà kan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná, nǹkan ń rìn káàkiri inú orí, ìwé kò sì wọlé mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará ilé ẹ̀kọ́. Àwọn bàbá wa àgbà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn o. Ká ní ẹni tó gbọ́ wọn ti sọ pé, "Orí kì í gbóná bẹ́ẹ̀, lọ sinmi," ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí.

Káàdì tó ń gbé ọwọ́ ìyá

Láti Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí á kọjá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 1956, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé pẹ̀lú. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọdé tó ń kú pọ̀, dókítà sì kéré débi pé kò sí bí ó ṣe lè dá nìkan rí gbogbo wọn. Ó gbé iṣẹ́ náà lé ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì: àwọn ni yóò máa rí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le, lójú kan náà.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti jáde, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí ọ̀nà ìlera. Oṣù ọjọ́ orí ọmọ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá wọn ọmọ, nọ́ọ̀sì á fi àmì sí i, á sì fa ìlà láti àmì kan dé èkejì. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ìlà bá tẹ́jú tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan ń ṣe é, bó ti wù kí ó máa rẹ́rìn-ín tó.

Ohun tó jọ wá lójú jù nínú ètò yìí kì í ṣe ìlà náà. Ibi tí wọ́n fi káàdì pamọ́ sí ni. Ilé ìwòsàn kọ́ ló wà. Ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ ló wà, nínú ọ̀rá, kí òjò má bà á pa á. Títí di ìgbà náà, ohun tí wọ́n bá kọ nípa aláìsàn, tiwọn ni, nínú fáìlì tiwọn, ní èdè tiwọn. Káàdì yìí sọ ìyá di ẹni tó ni ìròyìn ọmọ rẹ̀. Kò ní láti mọ̀wé kó tó mọ̀ pé ìlà ń wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú kò ní láti jágbe. Á kàn fi ìka lé e, á ní, "Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹ wo ibí yìí lóṣù tó kọjá, ẹ wá wo ibi tí a dé lónìí. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín?" Ìyá á wò ó, á ní, "Mo ti já a lẹ́nu ọmú ni." Àwọn méjèèjì jọ ń wo nǹkan kan náà. Kò sí ẹni tó wà lókè, kò sí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ètò kẹta nìyẹn.

Káàdì irú èyí kò dúró sí Ìjẹ̀ṣà. Ó tàn kárí ayé. Ní Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì gbé irú ìtọ́jú ọmọdé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní Gbájà, ní Sùúrùlérè, tí kò jìnnà sí Ìsọlọ̀. Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ó ti ìlera alábọ́ọ́dé lẹ́yìn káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn ìyá wa tí wọ́n bí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní àsìkò náà ṣì rántí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fi orin àti àtẹ́wọ́ kọ́ wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, ẹ̀kọ́ sì ń wọlé. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárọ̀ mọ̀ pé orin yẹn kò tíì tán.

Láàárín ara wọn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ àárín nọ́ọ̀sì àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ le ju ti aláìsàn lọ nígbà mìíràn, nítorí ipò. Sísítà, mátírọ́ọ̀nù, dókítà kékeré, dókítà àgbà: àkàsọ̀ tí òyìnbó gbé wá nìyẹn. Àwa Yorùbá sì gbé àkàsọ̀ tiwa lé e: ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Ọ̀pọ̀ á dákẹ́, kí wọ́n má bàa ní ó ń rí àgbà fín.

Lókè òkun, wọ́n mọ ìṣòro yìí dáadáa. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà yá ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi, níbi tí àìsọ̀rọ̀ ẹnì kan ti lè pa gbogbo wọn. Wọ́n ń pè é ní SBAR, nǹkan mẹ́rin ló sì ní: kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí, kí ló ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni mo rò pé ó jẹ́, kí ni mo fẹ́ kí á ṣe. Ẹ má rò pé àṣà wa kò gbà á. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Bàbá orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ń mí gúlegúle. Láàárọ̀, èémí wọn já gaara. Mo rò pé omi tí a gbé fún wọn ti pọ̀ jù. Ṣé kí á dá a dúró ná, kí á pe dókítà?" Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.

Èkó ti rí bí ọ̀rọ̀ àárín òṣìṣẹ́ ìlera ṣe lè jẹ́ ikú tàbí ìyè. Ní 20 oṣù Keje 2014, Patrick Sawyer balẹ̀ láti Liberia sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tó fẹ̀gbẹ́ kan Máfòlúkù àti Àjàó Estate ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ yìí, pẹ̀lú Ebola lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀báléǹdé. Ó sẹ́ pé òun kò bá ẹni tó ní Ebola pàdé. Dókítà Ameyo Adadevoh kò gbà, ó fura, ó fi tó ìjọba létí, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kó lọ. Kí wọ́n tó mọ àrùn náà, nọ́ọ̀sì Justina Ejelonu, tó lóyún, ti fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ọkùnrin náà. Òun àti Dókítà Adadevoh pẹ̀lú àwọn mìíràn bá a lọ. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 ló kú, kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde ní 20 oṣù Kẹwàá 2014 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Irọ́ aláìsàn kan fẹ́ pa ìlú. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìlera kan sọ lásìkò ló gba ìlú là. Ẹni tó sì sún mọ́ ara aláìsàn jù, nọ́ọ̀sì, ló yẹ kí ìròyìn tètè dé etí rẹ̀ jù.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ lónìí

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ibo la wà? Orúkọ Òṣòdì so mọ́ Òṣòdì Tápà, ọmọ Nupe tó di olóyè àti jagunjagun lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́. Láti ìpìlẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni ibẹ̀ ti jẹ́ ti ẹni tó wá láti ibòmíràn. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, ènìyàn 621,509 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì dúró lábẹ́ afárá Òṣòdì fún ìṣẹ́jú márùn-ún á gbọ́ Yorùbá, Ígbò, Haúsá àti pijin. Gbogbo wọn ló ń dé ilé ìwòsàn ńlá Ìsọlọ̀ àti ilé ìtọ́jú aboyún àti ọmọ tó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tu aláboyún nínú ní Yorùbá láàárọ̀ lè nílò pijin kí ó tó di ọ̀sán.

Ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti Yábàá náà ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ẹ rántí pé inú ilé ìtìmọ́lé ti 1907 ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì kọ́kọ́ jókòó ti ìyá. Ẹ̀kọ́ Aró ti dé Òṣòdì.

Òfin pàápàá ti wà lẹ́yìn aláìsàn. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹwàá 2014 sọ pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí òṣìṣẹ́ ìlera fi bá a sọ̀rọ̀, kí ó sì wo bí ẹni náà ṣe mọ̀wé tó. Ìyẹn ni pé Yorùbá ní wọ́ọ̀dù kì í ṣe ojúrere mọ́, ẹ̀tọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ nílò ọwọ́ tí yóò mú un ṣẹ, ọwọ́ sì ń dín kù. Ní oṣù Kejì 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì kí àwọn tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Èkó àti Àbújá. Àwa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tó bá fẹ́ lọ. Àwọn kan nínú àwa tí a jọ ń ka ìwé yìí náà ń kó owó ìdánwò jọ. Ohun tí a rí ni pé bí ẹnì kan bá lọ, àwọn tó kù á pín aláìsàn rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á sì gé kúrò nínú iṣẹ́ kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í ṣe oògùn. Ọ̀rọ̀ ni. "Ẹ kú ìrora, mà" á di "Next!"

Ibẹ̀ ni ewu wà. Obìnrin tí wọ́n bá jágbe mọ́ nígbà oyún àkọ́kọ́ lè má padà wá fún èkejì. Ọ̀dọ̀ ìyá àbíyè àdúgbò ni yóò lọ, tàbí ilé àdúrà, níbi tí wọ́n á ti pe orúkọ rẹ̀, tí wọ́n á fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àwọn yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lóru, ọ̀rọ̀ nìkan kò lè dá a dúró. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ́wọ́ ní ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu pẹ̀lú.

Nítorí náà, tí a bá ń béèrè fún nọ́ọ̀sì tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí á béèrè fún ètò tó ń bí i: kí wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní bí a ṣe ń sọ àìsàn ní èdè abínibí, kí ìdánwò sì kàn án, kí ẹbí ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ìròyìn aláìsàn wà lọ́wọ́ aláìsàn, kí ọmọdé lè sọ ohun tó rí níwájú àgbà, kí nọ́ọ̀sì sì pọ̀ tó láti fún aláìsàn kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lámbò kò dúró kí ilé parí. Àwọn nọ́ọ̀sì Ìmẹ̀sí-Ilé kò dúró de dókítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín wa, ẹ̀yin lẹ máa wà ní wọ́ọ̀dù Ìsọlọ̀ láìpẹ́. Ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ láti orí "ẹ".